Omi Kò Mọ Ẹni Tó Yọ̀ǹda Ara Rẹ̀

Kíkó àwọn ọmọ Síkáótù wọ ọkọ̀ àjẹ̀ láti la aginjù kọjá ti pẹ́ láyé. Ní Minnesota, níbi tí Amẹ́ríkà ti bá Kánádà pààlà, ibùdó tí wọ́n ń pè ní Northern Tier ti ń ṣe é láti ọdún 1923. Aginjù Boundary Waters tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀ ní adágún tó lé ní 1,000. Ọmọ ọdún 14 á máa wa ọkọ̀ láti àárọ̀. Bí adágún kan bá tán, wọn á fa ọkọ̀ gòkè, ẹnì kan á dojú rẹ̀ dé, á gbé e lé èjìká bí màlúù ṣe ń gbé àjàgà, àwọn yòókù á pọn ẹrù, wọn á sì gba inú igbó lọ bá adágún tó kàn. Ẹni tó gbé ọkọ̀ kì í rí ju ilẹ̀ iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ohùn ẹni tó ṣáájú ló fi ń mọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fòfin dè é. Àmọ́ ẹni tí yóò kó ọmọ ọlọ́mọ wọ omi gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kí aṣàyẹ̀wò tí kì í ṣe ara ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ì báà jẹ́ oníṣòwò tó ń gbowó, ì báà jẹ́ olùyọ̀ǹda tí kò gba kọ́bọ̀. Òfin tó bá yọ olùyọ̀ǹda sílẹ̀, inú rere ló ń wò, kò wo omi.

Iṣẹ́ omi tútù ní ètò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Giesbrecht ti Kánádà fi òǹkà mẹ́ta ṣàlàyé rẹ̀: ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 10, wákàtí 1. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, àyà ẹni tó já sómi á já, á máa mí gúlegúle. Bí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi lásìkò náà, omi ló máa fà símú. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ọwọ́ rẹ̀ á ti kú. Okùn á wà níwájú rẹ̀, ìka kò ní lè dì í mú. Fèrè á wà lọ́rùn rẹ̀, kò ní lè gbé e dé ẹnu. Ní nǹkan bíi wákàtí kan, òtútù á wọnú ara débi pé iyè rẹ̀ á máa rá. Ẹ̀wù adóòlà ẹ̀mí á mú un léfòó, kò lè mú ara rẹ̀ móoru.

Adágún Timiskaming, láàárín Ontario àti Quebec, fi èyí hàn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1978. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tó gbà pé ìnira ló ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin kó ọmọ 27 àti àgbà mẹ́rin sínú ọkọ̀ mẹ́rin, wọ́n forí lé ìhà James Bay. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ìrìn-àjò náà ni ọkọ̀ kan dojú dé. Bí ìṣòro ti ń bí ìṣòro, ó di mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọmọ 12 àti olùkọ́ kan kú. Ẹ̀wù adóòlà ẹ̀mí wà lọ́rùn wọn. Òtútù omi ló borí wọn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn àgbà náà kò fẹ́ràn àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́ mẹ́rin kú lórí òkun ní Lyme Bay ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1993, nínú ìrìn-àjò kayak tí ilé-iṣẹ́ kan ṣètò. Àwọn olùkọ́ni kan ti kọ̀wé kìlọ̀ fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ó kọtí ikún. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n, ó sì dá ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lẹ́bi ìpànìyàn, èyí tí ilé-iṣẹ́ kankan kò tíì jẹ̀bi rẹ̀ rí ní ilẹ̀ náà. Ní 1995, òfin jáde pé ẹni tó bá ń ta irú ìrìn-àjò báyìí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin yìí ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda tó ń kó ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde kò nílò ìwé àṣẹ, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ jáde kò nílò rẹ̀. Irú ilé-ẹ̀kọ́ tó kó ọmọ lọ sí Timiskaming gan-an ni òfin yìí ìbá jẹ́ kó kọjá láìbi í ní nǹkan kan.

Àwọn tó fara mọ́ ìyọsílẹ̀ yìí sọ pé ẹgbẹ́ Síkáótù ń ṣọ́ ara rẹ̀. Lóòótọ́, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aṣáájú kò lè kó ọmọ wọ omi tó le láìgba ìwé ẹ̀rí nínú ẹgbẹ́. Ìlànà Safety Afloat ti ẹgbẹ́ Síkáótù Amẹ́ríkà fi dandan lé ìdánwò ìlúwẹ̀ẹ́ àti ẹ̀wù adóòlà ẹ̀mí, Northern Tier sì ń fi òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èyí dára. Àmọ́ ẹni tó ṣètò ìrìn-àjò, tó fọwọ́ sí i, tó tún jókòó ṣèdájọ́ rẹ̀, ta ni yóò bá a wí? Bí ìlànà wọn bá péye bí wọ́n ṣe ń wí, aṣàyẹ̀wò láti ìta kò ní rí àléébù kankan, wọn kò sì ní ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Wọ́n tún ní owó àti wàhálà ìwé àṣẹ á lé olùyọ̀ǹda sá. Ọ̀rọ̀ owó ní òògùn: kí ìjọba san án fún ẹgbẹ́ tí kì í jèrè. Ẹni tí ìbéèrè bá sì lé sá ti dáhùn ìbéèrè náà.

Àwáwí tó kù ni pé òfin á gba adùn aginjù, pé ewu díẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Àwọn àgbà ti mọ irú ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀: ọmọ ọlọ́mọ là á rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Ọmọ tó gbé ọkọ̀ la igbó kọjá ti rí ìnira tó. Kò sí ẹ̀kọ́ tí omi tútù fẹ́ fi kún un. Boundary Waters fúnra rẹ̀ kò sì fìgbà kan jẹ́ ilẹ̀ tí kò lófin: ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, ikọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ ju èèyàn 9 àti ọkọ̀ 4 lọ, aginjù ló ṣì jẹ́.

Ohun tí ìwé àṣẹ olùyọ̀ǹda ní láti béèrè kò pọ̀. Báwo ni omi náà ṣe tutù tó lóṣù tí wọ́n ń lọ? Ta ló ti tukọ̀ níbẹ̀ rí nínú àwọn aṣáájú? Ṣé àwọn ọmọ ti fi ọkọ̀ tó dojú dé ṣe ìdánrawò ní omi etílé? Ta ló wà lórí ilẹ̀ tó mọ wákàtí tó yẹ kí wọ́n gúnlẹ̀, tí yóò ké sí àwọn agbẹ̀mílà bí wákàtí náà bá kọjá? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fi ọmọ sílẹ̀ létí omi.