Ẹ̀sùn tí Mo Fi Kan Ẹni Tó Ń Po Negroni Nílé

Ẹni tí mo pè lẹ́jọ́ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ó ní kọ́bọ́ọ̀dù ọtí ní pálọ̀, ó ní ife olówó gọbọi, bí àlejò bá sì jókòó tán ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á ká apá aṣọ sókè, á ní òun fẹ́ po Negroni fún wọn. Ohun mẹ́ta péré ló ń wọ Negroni: jíìnì, Campari àti vermouth pupa, 30 mìlílítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí iná dídá, kò sí ata lílọ̀, kò sí ohun tí yóò jóná. Síbẹ̀, ó ń bà á jẹ́, ojú wa ló sì ti ń bà á jẹ́.

Ẹ̀sùn kìíní ló wúwo jù: ó kórìíra omi. Hóró yìnyín méjì ló ń jù sínú ife, á fi ṣíbí yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Bí ẹ bá bi í, á ní òun kò fẹ́ kí omi ba ọtí òun jẹ́. Ta ló sọ fún un pé omi kò sí lára ọtí náà? Ní ọdún 1806, ẹnì kan bi ìwé ìròyìn kan ní ìlú Hudson, ìpínlẹ̀ New York, pé kí ni wọ́n ń pè ní kọ́kítéèlì. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n kà fún un: ọtí líle, ṣúgà, omi àti bítà. Omi ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Negroni fúnra rẹ̀, wọ́n ní Florence ni wọ́n ti kọ́kọ́ pò ó ní nǹkan bí ọdún 1919, nígbà tí ìjòyè kan, Camillo Negroni, ní kí wọ́n yọ omi sódà kúrò nínú ọtí Americano òun, kí wọ́n fi jíìnì dípò. Nígbà tí sódà ti jáde, yìnyín nìkan ló kù tó lè fún ọtí náà lómi.

Yíyọ́ tí yìnyín ń yọ́ ló ń fa ooru kúrò nínú ọtí. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gba ìtútù kó kọ omi. Kó yìnyín kún ife, da ọtí lé e lórí, rò ó jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ̀yìn ṣíbí máa fara ra ògiri ife. Ọtí 90 mìlílítà á di bí 110. Èyí tó ń ta lọ́nà ọ̀fun á rọ̀, òórùn ewé inú vermouth á yọjú, ìkorò Campari á ṣeé fẹ́. Yíyí ẹ̀ẹ̀mejì kò lè ṣe èyí láéláé.

Ẹ sì bá mi ṣí fírísà rẹ̀ wò. Nínú ọ̀rá ni yìnyín wà, ó gbé ara lé ẹja Titus. Iná ti lọ, iná ti dé, yìnyín ti yọ́, ó ti padà dì, gbogbo òórùn ẹja ló ti fà sára. Àlejò gbé ife sí imú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi sí i?” Ó dáhùn pé ewé ilẹ̀ Ítálì ni.

Ẹ̀sùn kejì: nígbà mìíràn, dípò kó rò ó, ṣe ló ń mì í. James Bond ló kó o sí i lórí. Láti inú ìwé Casino Royale, tí Ian Fleming tẹ̀ jáde ní 1953, ni Bond ti ń ní kí wọ́n mi ọtí òun. Bond ló ni ọ̀fun rẹ̀. Ọtí tó ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ẹyin nínú ló yẹ ní mímì. Èyí tó jẹ́ kìkì ọtí, bí a bá mì í, á ru, fófòó á bo ojú rẹ̀, èérún yìnyín á máa ká èèyàn léyín.

Ẹ̀kẹta, vermouth. Láti Kérésìmesì tó kọjá ni ìgò náà ti ṣí sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbóná. Ó ní ọtí kì í bàjẹ́. Kó lọ bi ẹlẹ́mu. Wáìnì ni vermouth, wáìnì tí wọ́n fi ewé àti egbò sí, tí wọ́n sì fi ọtí líle díẹ̀ kún. Bí a bá ti ṣí i, inú fíríìjì ni ààyè rẹ̀, kí oṣù méjì má sì kọjá lórí rẹ̀.

Ojú ló fi ń wọn ọtí, n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ife kékeré tó ń bá oògùn ikọ́ ọmọdé wá ní àmì mìlílítà lára. Kó fọ̀ ọ́, kó lò ó.

Èyí tó bí mi nínú jù nìyí. Àlejò kan ní Manhattan ni òun fẹ́. Wisikí 50 mìlílítà, vermouth pupa 20, àti ẹ̀kán Angostura kan, bítà tí dókítà Johann Siegert kọ́kọ́ ṣe ní Venezuela ní 1824. Ẹni wa sáré mú bítà dúdú tí wọ́n ń polówó ní gáréèjì fún ẹ̀yìn ríro, ó sì dà á gbuurugbu. Àlejò kò mọ̀ bóyá ó ń gbádùn ni tàbí ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí. Bẹ́ẹ̀, Angostura wà nínú ilé! Ìyàwó rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ sí kíṣìnnì, òun ló fi ń ṣe Chapman fún àwọn ọmọ.

Ó ku ọsàn tí wọ́n fi ń ṣe Negroni lọ́ṣọ̀ọ́. Ó gé e nípọn, ó jù ú sínú ife, kóró ń léfòó. Inú èèpo ni òróró wà, òróró tí àwọn ọmọdé máa ń fún sí iná àbẹ́là kó lè ta pàrà. Ká bẹ èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ká fún un sójú ọtí, ó tán. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọlọ́sàn ni ọkùnrin yìí ti ní kí wọ́n bá òun bó o, ó sì fi èèpo sílẹ̀ fún ewúrẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ ilé ẹjọ́ fún kò pọ̀. Kí wọ́n gba ife ìmì-ọtí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n da vermouth yẹn sí gọ́tà. Títí yóò sì fi ra àwo yìnyín tó ní ìdérí, bíà nìkan ni kó máa gbé fún àlejò, kó má sì bá wọn ṣí i.