Kí Ẹ Tó Náwó Lórí Gìtá Béèsì Yín Àkọ́kọ́

Ní oṣù tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì. Òun ló máa ń ta gìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá kan tó wà nítòsí yunifásítì wa níbí ní Amẹ́ríkà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ohùn gìtá mi kò dára. Mo fẹ́ ra pickup tuntun àti bridge tuntun fún un." Mo bi í pé èló ló ra gìtá náà. Ó ní dọ́là 180 ni. Mo bi í pé èló ni nǹkan méjèèjì tó fẹ́ rà. Ó ní nǹkan bíi dọ́là 230. Mo wá bi í pé, "Ìgbà wo lo pààrọ̀ okùn rẹ̀ kẹ́yìn?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Láti ọdún méjì tó ti rà á, kò tíì pààrọ̀ okùn rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ tí èmi àti ọmọ yìí jọ sọ ló mú kí n kọ àròkọ yìí. Èrò mi ni pé kí ẹ má ṣe ra ohun tuntun kankan sí ara gìtá béèsì yín àkọ́kọ́, àfi okùn, títí ẹ ó fi tún un tò dáadáa, tí ẹ ó sì mọ ohun tó ń ṣe é gan-an. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní gbà pẹ̀lú mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo ra gìtá béèsì àlòkù kan. Okùn rẹ̀ ga jù, ìka ń dùn mí, àwọn ohùn kan sì ń dún bíi kòkòrò tó há sínú agolo. Mo mú owó tí mo fi pamọ́ fún ìwé, mo fi ra pickup olówó ńlá. Lóòótọ́, gìtá náà dún sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ kò lọ; gbogbo ìjọ ló wá ń gbọ́ ọ ketekete! Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àgbà olórin kan gba gìtá náà lọ́wọ́ mi. Kò ju wákàtí kan lọ tó fi tún un tò. Kò ra ohunkóhun.

Kí ló fà á? Pickup jẹ́ òòfà tí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé lára ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ gbígbọ̀n okùn di iná mànàmáná. Bí okùn bá ti gbó, tàbí bí ó bá ń kan irin tí kò yẹ kó kàn, ohun tí pickup máa gbé lọ sínú ampilifáyà nìyẹn. Pickup tó dára lè ṣe ohùn lóge, ṣùgbọ́n kò lè wo okùn tó ń ṣàìsàn sàn.

Ẹ wo àwọn onílù wa. Onílù bàtá máa ń fi ìda sí ojú òjò ìyáàlù kí ohùn rẹ̀ lè rẹlẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí ọ̀rinrin bá mú kí awọ dùndún dẹ̀, onílù á sá a sóòrùn. Kò ní sọ pé igi ìlù ni kò dára, kó sì lọ gbẹ́ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá. Igi ni ọrùn rẹ̀. Nígbà òtútù, tí a bá tan ẹ̀rọ amúlémóoru sínú ilé, afẹ́fẹ́ á gbẹ, igi náà á sì yí díẹ̀. Gìtá tó ń dún dáadáa ní oṣù kẹsàn-án lè máa ṣe wáíwáí ní oṣù kìíní. Kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́.

Kí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe? Ẹ ra okùn tuntun. Dọ́là 20 sí 40 lè rà á. Èyí tí irin ara rẹ̀ rí roboto máa ń dún kíkankíkan. Èyí tí irin ara rẹ̀ rí pẹlẹbẹ máa ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ ó yan èyí tó bá orin yín mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọrùn gìtá. Ọ̀pá irin kan wà nínú rẹ̀ tí a lè lọ́ kí ọrùn náà lè tọ́. Ẹ má ṣe lọ́ ọ ju ìdá mẹ́rin ìyípo kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró wò ó. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Owó tó máa gbà kéré sí owó pickup.

Ẹ wá wọn bí okùn ṣe ga tó lókè fret kejìlá. Mìlímítà 2 sí 3 ló sábà máa ń tẹ́ olùbẹ̀rẹ̀ lọ́rùn. Lẹ́yìn èyí, ẹ ta okùn náà lófìfo, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ ní fret kejìlá. Ohùn kan náà ló yẹ kí ẹ gbọ́, èkejì kàn máa ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìpele mẹ́jọ. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ fa irin kékeré tí okùn náà jókòó lé lórí bridge sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí Leo Fender gbé Precision Bass jáde ní ọdún 1951, ohun tí orúkọ yẹn ń tọ́ka sí ni pé fret máa jẹ́ kí ènìyàn ta ohùn tó péye. Bí a kò bá tò ó, ohùn náà kò ní péye. Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ "igbá" níbi tó yẹ kí ẹ ti sọ "igba" mọ bó ṣe máa ń rí!

Ní ìparí, ẹ lọ́ ìṣó tó gbé pickup dúró, kí ó lè sún mọ́ okùn tàbí kí ó jìnnà sí i. Ọ̀fẹ́ ni èyí, ó sì lè yí ohùn gìtá padà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ọwọ́ tó ń ta á ńkọ́? James Jamerson, tó ta béèsì nínú ọ̀pọ̀ orin Motown ní ìlú Detroit, ìka ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo ló fi ń ta á, kì í sì í fẹ́ pààrọ̀ okùn pẹlẹbẹ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi já mi ní koro níbi yìí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n, mà, Fender ni tirẹ̀, kì í ṣe gìtá dọ́là 180. Okùn tó ti gbó náà ló sì ń lò!" Òótọ́ ló sọ. Jamerson mọ ohùn tó ń wá, okùn tó ti gbó ló sì ń fún un ní ohùn náà. Ẹni tí kò tíì mọ ohùn tó ń wá, kí ló fẹ́ lọ rà lọ́jà?

N kò sọ pé kí ẹ má ṣe pààrọ̀ ohunkóhun láéláé. Bí èèkàn tí a fi ń fa okùn le bá ń yọ̀, tí gìtá kò lè dúró lórí ohùn kan títí orin kan fi máa parí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ihò tí wáyà ń wọ̀ bá ń dún ṣáṣá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òjé lẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n fi tuntun sí i. Ìyẹn kì í ṣe oge, àtúnṣe ni. Bí ẹ bá sì ti ta gìtá tí ẹ tò dáadáa fún ọdún kan, tí etí yín ṣì ń wá ohùn kan tí kò sí níbẹ̀, ẹ lọ ra pickup. Nígbà yẹn, ẹ ó mọ ohun tí ẹ ń rà.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ra okùn ní dọ́là 28. A jọ tò ó ní ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Ó ṣì ń sọ pé òun máa ra pickup náà lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ó ní akọrin kan bi òun pé ìgbà wo ni òun ra gìtá tuntun.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ gbà pẹ̀lú mi àbí akẹ́kọ̀ọ́ mi ló jàre? Ẹ múra láti sọ èrò yín ní kíláàsì.