Alárinà Ni Tàbí Agbadógò? Ọ̀rọ̀ lórí Orúkọ Ètò Tí Ń So Ìwé-Àjọkọ Pọ̀

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé eNaira jáde. Orí Hyperledger Fabric, ètò kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà, ni ilé-iṣẹ́ Bitt ti ilẹ̀ Barbados gbé e lé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí orílẹ̀-èdè yìí yóò máa tẹ̀ lé lórí irú ìmọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní blockchain. Ohun náà ti wọ ilé, ṣùgbọ́n kò tí ì ní orúkọ tí ó bójú mu ní èdè Yorùbá. Bí àlejò bá sì wọ ilé láìlórúkọ, àwọn ará ilé kò ní mọ bí wọn yóò ṣe bá a wí ní ọjọ́ tí ó bá ṣẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bí ó ṣe rí gan-an yóò sọ pé "ẹ̀wọ̀n búlọ́ọ̀kù" ni. Létí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ilé tí a ń kó ọ̀daràn sí ni èyí, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n sì fi mọ ọ́n. Kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. Irú àṣìṣe báyìí kì í ṣe tuntun. "Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá" tí àwọn kan fi ń pe kọ̀ǹpútà sọ bí ó ṣe ń yára tó, kò sọ ohun tí ó ń yára ṣe. "Asọ̀rọ̀mágbèsì" bá rédíò mu nígbà tí rédíò kò lè gba èsì; ní ọjọ́ tí àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ bọ̀, orúkọ náà kò bá iṣẹ́ mu mọ́. "Amóhùnmáwòrán" ni ó gún régé jù lọ nínú wọn, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni ó sọ: ó ń mú ohùn, ó sì ń mú àwòrán.

Iṣẹ́ ìsọlórúkọ kò ṣàjèjì sí àwọn onímọ̀ Yorùbá. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní gbogbo ọdún mẹ́fà tí yóò lò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì rẹ̀ ní 1990, fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó kù ni kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ètò tí ń di owó àti dúkìá ènìyàn mú.

Kí ni nǹkan náà ń ṣe? Ìwé ìṣirò kan ni, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń kọ, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú-ìwé náà gan-an ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò òǹtẹ̀ yìí jáde, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá yí ẹyọ lẹ́tà kan padà, òǹtẹ̀ náà yóò yàtọ̀. A sì ń kọ òǹtẹ̀ ojú-ìwé kìn-ín-ní sí ojú-ìwé kejì, ti ìkejì sí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa ohun tí ó wà lójú-ìwé kẹwàá rẹ́ ní láti tún gbogbo ojú-ìwé tí ó tẹ̀ lé e kọ, kí ó sì mú kí ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ̀dà wà lọ́wọ́ wọn gba àyídà náà. Nítorí náà, ìwé-àjọkọ ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Bí "àjọṣe" àti "àjọni" ṣe di ọ̀rọ̀ náà ni "àjọkọ" ṣe di ọ̀rọ̀. Orúkọ yìí tún jẹ́ kí a rí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti àjọ tí alájọ ń gbà: ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni bírò àti owó wà níbẹ̀, bí alájọ bá sì sá lọ, káàdì nìkan ni ó kù lọ́wọ́ ọlọ́jà.

Ibi tí àríyànjiyàn wà ni orúkọ ètò tí ń so irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ìwé-àjọkọ kò mọ ní ẹyọ kan. Ti Bitcoin bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, ti Ethereum ní 2015, àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ sì ń fi Fabric dá tiwọn sílẹ̀. Kò sí èyí tí ó lè dá ka ohun tí ó wà nínú èkejì. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi kọ àwọn ètò tí yóò dúró láàárín. Ọ̀kan nínú wọn ni Cactus, tí Accenture àti Fujitsu gbé wá sí abẹ́ Hyperledger ní ọdún 2020, tí wọ́n sì pa pọ̀ mọ́ Weaver ní 2022 láti di Cacti. Ẹnikẹ́ni ni ó lè gbà á, kí ó kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì gbé e kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láìsan owó ìyọ̀ǹda.

Orúkọ méjì ni ó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn: "ìdàpọ̀" àti "afárá". Méjèèjì ni ó ń ṣini lọ́nà. Bí omi bá dà pọ̀ mọ́ omi, kò sí ẹni tí ó lè yà wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé méjì tí Cacti dúró láàárín wọn kò dà pọ̀ rárá. Ìkọ̀ọ̀kan ní àwọn akọ̀wé tirẹ̀, òfin tirẹ̀ àti òǹtẹ̀ tirẹ̀. Ní ti afárá, ohun tí ó bá gba orí rẹ̀ kọjá ti kúrò ní bèbè kan, ó ti dé bèbè kejì. Owó inú ìwé-àjọkọ kì í kọjá báyìí. Inú ìwé tí a kọ ọ́ sí ni ó ń wà. Ohun méjì ni ó wọ́pọ̀ pé kí ó ṣẹlẹ̀: kí olóhun méjì ṣe pàṣípààrọ̀, tàbí kí a ti nǹkan pa sínú ìwé kan, kí a sì kọ ẹ̀rí rẹ̀ sínú èkejì. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ewu wọn kò sì dọ́gba.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni, kí a gbà pé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ alájẹṣẹ́kù kan wà ní Òkè-Ọdẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ bíi tirẹ̀ ní Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ jọ ní ìwé-àjọkọ kan. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ iye àpò àgbàdo tí ó wà nínú àká sí, àti ẹni tí ó ni ín. Oníbàárà wọn ní Ìlọrin ní owó nínú ìwé-àjọkọ mìíràn. Ta ni yóò kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀? Bí àgbẹ̀ bá kọ́kọ́ fi àgbàdo sílẹ̀, owó lè má dé. Bí oníbàárà bá kọ́kọ́ sanwó, àgbàdo lè má tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ là nìyí. Oníbàárà yóò mú ọ̀rọ̀ àṣírí kan, kọ̀ǹpútà yóò sì ṣírò òǹtẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó rí òǹtẹ̀ náà kò lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà. Oníbàárà yóò ti owó rẹ̀ pa fún wákàtí 48, pẹ̀lú àdéhùn pé àgbẹ̀ ni yóò gbà á bí ó bá lè sọ ọ̀rọ̀ tí ó ni òǹtẹ̀ náà. Àgbẹ̀ yóò fi òǹtẹ̀ kan náà ti àgbàdo tirẹ̀ pa fún oníbàárà fún wákàtí 24. Bí oníbàárà bá sọ ọ̀rọ̀ àṣírí láti gba àgbàdo, ọ̀rọ̀ náà ti hàn sínú ìwé. Àgbẹ̀ yóò sì fi í gba owó. Bí oníbàárà bá dákẹ́, àkókò yóò pé, oníkálukú yóò gba nǹkan rẹ̀ padà. Wákàtí tí àgbàdo yóò fi wà ní títì kéré sí ti owó, kí àyè lè ṣẹ́kù fún àgbẹ̀ bí oníbàárà bá sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Ìdógò onígbèdéke ni èyí. Iṣẹ́ ètò tí ó wà láàárín kò ju kí ó máa ṣọ́ ìwé méjèèjì, kí ó sì máa jíṣẹ́ lọ, kí ó máa jíṣẹ́ bọ̀. Kò di nǹkan ẹnikẹ́ni mú. Alárinà gan-an nìyí. "Alágbàtà" kò bá a mu, nítorí pé alágbàtà ń gba ọjà ọlọ́jà sọ́wọ́, ó sì ń jèrè lórí rẹ̀.

Irú kejì ni èyí tí ń gba nǹkan sọ́wọ́, tí ó ń ti owó pa nínú ìwé kan, tí ó sì ń kọ ẹ̀rí rẹ̀ sínú èkejì. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn olè gba kọ́kọ́rọ́ àṣírí márùn-ún nínú mẹ́sàn-án tí a fi ń ṣọ́ ohun ìdógò láàárín Ronin àti Ethereum. Owó tí ó lé ní 600 mílíọ̀nù dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n kó lọ. Afárá ni wọ́n ń pe ètò náà. Orúkọ kò lè dá olè dúró, ṣùgbọ́n ó lè mú kí olówó béèrè ohun tí ó yẹ kí ó béèrè. Kò sí ẹni tí ń bi afárá pé ta ni ó ni kọ́kọ́rọ́. Agbadógò ni à ń bi bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún kan gbígbé ètò náà kalẹ̀ àti títọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé Cacti kalẹ̀ yóò mú ìsomọ́ kan fún ìwé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún Fabric, ọ̀kan fún Ethereum. Yóò sọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà fún un. Yóò sì tọ́ka sí ibi tí kọ́kọ́rọ́ àṣírí wà ní ìpamọ́, dípò kí ó kọ kọ́kọ́rọ́ náà sí gbangba. Èyí ní òpin. Ìtọ́jú ni kò ní. Àwọn àgbà ní bí ojú bá mọ ojú tán, alárinà a yẹ̀ba. Ibi tí alárinà orí kọ̀ǹpútà ti yàtọ̀ sí ti ìgbéyàwó nìyí: ìwé méjèèjì kò ní mọ ojú ara wọn láé, nítorí náà alárinà kò gbọdọ̀ yẹ̀ba. Bí iná bá kú mọ́ ọn lórí nígbà tí wákàtí 48 ń lọ, tí kò sì sí ẹlòmíràn tí ń ṣọ́ ìwé, àgbẹ̀ lè pàdánù àsìkò tí ó yẹ kí ó gba owó rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "ọ̀fẹ́" kò tó láti fi ṣàpèjúwe irú ètò yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn olè gba inú àlébù kan nínú Wormhole kó owó tí ó lé ní 300 mílíọ̀nù dọ́là. Àtúnṣe àlébù náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ gbangba ètò náà ṣáájú, ṣùgbọ́n kò tí ì dé orí èyí tí ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó wà ní gbangba, olóhun lè kà á, olè náà sì lè kà á. Ètò alákọsílẹ̀-gbangba ni orúkọ tí ó tọ́, kí ẹni tí ó gbà á má baà rò pé kò sí owó tí yóò ná òun.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, kí a má fi ìsọlórúkọ da ara wa láàmú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ fún orúkọ àbísọ: Fabric yóò máa jẹ́ Fabric, Cacti yóò sì máa jẹ́ Cacti. Ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ yàtọ̀. Ẹni tí a yá ọ̀rọ̀ fún láìyé e ti yá ẹrù tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Èdè tí ó ti ní "alárinà" àti "dógò" tipẹ́tipẹ́ ti ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ kí a tó dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Kí a lò wọ́n ni ó kù.

Ní ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ní Òkè-Ọdẹ, ìyá àgbà kan tí kò mọ̀wé lè dìde kí ó béèrè pé, "Akọ̀wé, owó wa dà?" Bí akọ̀wé bá dáhùn pé owó wà lórí afárá, ìyá náà yóò jókòó láìmọ̀ ju bí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dáhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, alárinà ni ó wà láàárín, kò gba nǹkan kan sọ́wọ́," tàbí pé agbadógò ni, kọ́kọ́rọ́ mẹ́sàn-án ni ó sì wà, ìyá náà kò ní jókòó. Yóò béèrè orúkọ àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.