Ta Ló Ṣílẹ̀kùn fún Àgbẹ̀ Ará Jámánì Yìí?

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń fi pa wá lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ọ rí. Wọ́n á ní, ẹ wo àwọn òyìnbó tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Wọ́n gba ọ̀nà tó tọ́ wọ̀lú. Wọn ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n roko, wọ́n jagun fún ìlú tó gbà wọ́n, wọ́n sì di ọmọ onílẹ̀. Ẹ̀yin tòde òní wá ńkọ́, kí lẹ̀ ń pariwo lé lórí?

Ohun tó dùn wá jù ni pé kì í ṣe ẹnu òyìnbó nìkan la ti ń gbọ́ ọ. Àwọn ará wa kan tó ti gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti gbàgbé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi wọ̀lú, náà ń sọ ọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ yẹn, ká yẹ ayé rẹ̀ wò fínnífínní. Friedrich Hecker lorúkọ rẹ̀. Àtìpó ni, àgbẹ̀ ni, jagunjagun ni. Bí ìtàn àtìpó rere yẹn bá jóòótọ́ lára ẹnikẹ́ni, ó yẹ kó jóòótọ́ lára tirẹ̀.

Wọ́n bí Hecker ní 1811 ní Eichtersheim, ní ilẹ̀ Baden, nígbà tí Jámánì ò tíì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ó kàwé òfin, ó di lọ́yà ní Mannheim, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Baden ní 1842. Nígbà tó di 1848, tí Yúróòpù ń gbóná janjan, tí àwọn ará ìlú ń dìde sí àwọn ọba wọn, àwọn kan ní kí wọ́n kàn tún ìjọba ọba ṣe. Hecker ní rárá, ẹ jẹ́ ká fòpin sí i pátápátá. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, òun àti Gustav Struve kó èèyàn jọ ní Konstanz, wọ́n gbéra láti lọ lé ọba Baden kúrò lórí oyè. Ọ̀rọ̀ náà ò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, ní Kandern, àwọn ọmọ ogun ìjọba fọ́ wọn yángá. Hecker sá wọ Switzerland. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wà ní Amẹ́ríkà.

Ó gba oko nítòsí Summerfield, ní St. Clair County, Illinois. Lọ́yà di àgbẹ̀. Wọ́n máa ń fi irú wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbẹ̀ onílátìn ni wọ́n, pé wọ́n mọ ìwé ju ọkọ́ lọ. Hecker gbin àjàrà, ó sin màlúù. Nígbà tí ẹgbẹ́ Republican tuntun jáde láti dènà ìtànkálẹ̀ oko ẹrú, ó bá wọn polongo ìbò ní 1856. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, ó ku díẹ̀ kó pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ó fi oko sílẹ̀, ó sì wọṣẹ́ ológun bí ọmọ ogun lásán. Lẹ́yìn náà ló di kọ́nẹ́ẹ̀lì, tó darí ẹgbẹ́ ọmọ ogun 24th Illinois, kó tó wá darí 82nd Illinois, tí àwọn ará Jámánì pọ̀ nínú ẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1863, ìbọn bà á ní Chancellorsville, ní Virginia. Ara rẹ̀ yá, ó tún padà sójú ogun. Ó fiṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1864, ó padà sídìí oko rẹ̀, ó sì kú ní 1881. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé òkúta ìrántí rẹ̀ dúró ní St. Louis.

A ò ní bú u. Akin ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi irú ayé rẹ̀ na àwọn ẹlòmíì ní pàṣán.

Wọ́n ní ó gba ọ̀nà tó tọ́ wọ̀lú. Ọ̀nà wo? Ní 1848, kò sí físà tí ará Yúróòpù ní láti gbà kó tó wọ Amẹ́ríkà. Kò sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò sí lọ́tìrì, kò sí ẹni tó ń wo iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn kan sóde, ní 1875 àti 1882, àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n dojú òfin náà kọ. Ó di 1921 kí wọ́n tó fi iye lé àwọn ará Yúróòpù tó lè wọlé lọ́dún. Ẹni bá sọ pé ará Jámánì 1848 gba ọ̀nà tó tọ́, kó sọ fún wa, ọ̀nà tí kò tọ́ wo ló wà nígbà náà tí kò gbà?

Ẹ tún rántí pé ẹni tó gbé ìbọn sí ìjọba ilé rẹ̀, tí wọ́n lé jáde, ni Hecker. Fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà òde òní máa ń béèrè bóyá èèyàn ti wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ tó gbé ohun ìjà rí. Ẹ bá Hecker kọ ìdáhùn síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì rò ó fúnra yín, ibo ni fọ́ọ̀mù yẹn máa gbé e já?

Wọ́n ní ó ṣiṣẹ́ kára kó tó di ọmọ orílẹ̀-èdè. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ oko ò rọrùn. Ṣùgbọ́n òfin 1790 tó sọ bí àjèjì ṣe lè di ọmọ Amẹ́ríkà ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣekára rárá. Ohun tó sọ ni pé kí onítọ̀hún jẹ́ aláwọ̀ funfun tó wà lómìnira. Títí di 1870, òfin yẹn ò ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí wọ́n bí ní Áfíríkà.

Wọ́n ní ó ra ilẹ̀. Ilẹ̀ ta ni? Ní 1803, ìwé àdéhùn gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Illinois kúrò lọ́wọ́ àwọn Kaskaskia. Ìjọba ló wá ń gé e tà fún àwọn tó ń bọ̀.

Èyí tó wá burú jù nìyí. Òfin ìpìlẹ̀ tuntun ti Illinois bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin 1848, oṣù kan náà gan-an tí Hecker ń pariwo òmìnira ní Baden. Òfin náà pàṣẹ fún àwọn aṣòfin pé kí wọ́n dènà adúláwọ̀ tó bá fẹ́ ṣí wá síbẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó wà lómìnira. Ní 1853, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Adúláwọ̀ tó bá wọ Illinois, tó sì lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ pẹ̀lú èrò àtigbé ibẹ̀, ìtanràn 50 dọ́là ni. Bí kò bá rí i san, wọ́n lè lu iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní gbàǹjo fún ẹni tó bá máa bá a san án. Òfin yìí wà nílẹ̀ títí di 1865, lẹ́yìn tí John Jones, télọ̀ adúláwọ̀ kan ní Chicago, ti bá a wọ̀yá ìjà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ fi ojú inú wo àgbẹ̀ méjì tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Illinois lọ́jọ́ kan náà ní 1853. Ọ̀kan ti Baden wá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ti Kentucky wá, Gẹ̀ẹ́sì lèdè abínibí rẹ̀, ó mọ iṣẹ́ oko bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n adúláwọ̀ ni. Lọ́jọ́ kọkànlá, ọ̀kan ń wá ilẹ̀ tó máa rà, èkejì ti di arúfin. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni kò ṣiṣẹ́ kára?

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kóòdù kíkọ mọ nǹkan kan dájú. Bí ẹ̀rọ bá gba ẹnì kan wọlé, tó ti ẹlòmíì sóde, a kì í bẹ̀rẹ̀ sí í yin ẹni tó wọlé pé ó mọ ilẹ̀kùn kàn. A máa ń ṣí kóòdù náà ni, ká wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "if", ká wo ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní kí ẹ̀rọ máa yẹ̀ wò. Ìlà yẹn wà nínú òfin 1790. Ó wà nínú òfin 1853. Kì í ṣe òógùn ojú ló ń yẹ̀ wò. Àwọ̀ ara ni.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn wá, ẹ jẹ́ ká kúrò ní Illinois, ká lọ sí Alabama. Ní oṣù Keje 1860, nígbà tí Hecker ti lo ọdún bíi méjìlá ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda yọ́ wọ Mobile lóru. Nǹkan bí 110 èèyàn ló wà nínú ẹ̀. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú láti òkè òkun léèwọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí. Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn náà ni Oluale Kossola. Òǹkọ̀wé ìtàn Sylviane Diouf tọpa rẹ̀ dé agbègbè Bantè, ní Benin òde òní, láàárín àwọn Yorùbá ibẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló jà wọ́n nílùú, tí wọ́n kó o lọ tà ní Ouidah.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1865, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, ẹgbẹ́ ogun tí Hecker náà ti jà fún, gba Mobile. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ wà lára àwọn tó ya wọ odi Fort Blakeley tó wà nítòsí ibẹ̀. Báyìí ni Kossola àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gba òmìnira. Wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ ò sí. Wọ́n ní kí Timothy Meaher, tó ṣètò bí wọ́n ṣe kó wọn wá, fún wọn nílẹ̀. Ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tọ́jú owó, wọ́n ra ilẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì tẹ ìlú tó ń jẹ́ Africatown dó. Ibẹ̀ ni Kossola ti roko, tó kọ́lé, tó tọ́mọ, títí tó fi kú ní 1935.

Òun náà roko. Òun náà fojú rógun. Òun náà ò jẹ́ kí nǹkan kan bọ́ sọ́wọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó ń fi Kossola ṣe àpẹẹrẹ àtìpó rere? Ìdáhùn ò le. Ìtàn rẹ̀ máa ń tú àṣírí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ogun. Wọ́n ní ẹni tó bá jagun fún ìlú, ìlú á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Irọ́ ni. Ní Chancellorsville tí ìbọn ti ba Hecker, nígbà tí ọmọ ogun ìjọba sá níwájú Stonewall Jackson, àwọn ará Jámánì ni ìwé ìròyìn dá lẹ́bi pé ojo ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sá lọ́jọ́ náà kì í ṣe ará Jámánì. Àwọn adúláwọ̀ ńkọ́? Nǹkan bí 180,000 ló wọṣẹ́ ológun. Nígbà tí ọmọ ogun aláwọ̀ funfun ń gba dọ́là 13 lóṣù, dọ́là 10 ni tiwọn, wọ́n á sì tún yọ 3 nínú ẹ̀ fún aṣọ. Ó di oṣù Kẹfà 1864 kí ilé aṣòfin tó ní kí owó wọn dọ́gba. Ọta ìbọn tó ń bọ̀ lójú ogun ò yọ ìdá kankan kúrò fún wọn.

Àwọn kan á ní, ṣé ẹ fẹ́ ká tìtorí èyí pe Hecker ní èèyàn burúkú ni? Rárá o. Ohun tí à ń sọ ni pé ibi tí ẹ ti ń yìn ín kọ́ ló ti tọ́ sí ìyìn. Kì í ṣe torí pé ó roko. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló roko ní Amẹ́ríkà tí wọn ò gba kọ́bọ̀. Kì í ṣe torí pé ó wọlé. Ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún irú rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ohun tó fi ju ọ̀pọ̀ lọ ni pé, nígbà tó ti jókòó tán, tó ti ní oko, tó ti ní ìwé, tí kò sẹ́ni tó lè dí i lọ́wọ́ bó bá ní òun fẹ́ sinmi, ó sọ̀rọ̀ lòdì sí oko ẹrú, ó sì tún fi ara rẹ̀ síwájú ìbọn. Kò sọ fún ẹni tó wà nínú ẹ̀wọ̀n pé, "Èmi náà jìyà kí n tó débí."

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ̀yin là ń bá wí. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ gbé ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbé àkàbà fún, tó gun òkè tán, tó wá ń bú àwọn tó wà nílẹ̀ pé wọn ò mọ igi gùn, kó má fi Hecker búra. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi ìtàn yìí pa lẹ́nu mọ́, ẹ má dákẹ́. Nígbà míì tí wọ́n bá tún gbé e dé, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ àgbẹ̀ náà, kí wọ́n dárúkọ ọdún tó dé, kí wọ́n sì ka òfin ọdún yẹn sí yín létí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí Kossola wà.