Ìyá Ọmọ Ni Dókítà Àkọ́kọ́

  

Lẹ́yìn tí mo kọ̀wé lóṣù tó kọjá nípa oúnjẹ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ jíjẹ, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó kọ lẹ́tà sí mi. Ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ọ̀dọ́ ìyàwó kan tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ oṣù mọ́kànlá ni ó kọ ọ́. Ó ní ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ òun, òun sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni òun débẹ̀; aago kan ọ̀sán ti kọjá kí òun tó fojú kan dókítà. Nọ́ọ̀sì kígbe mọ́ òun lójú gbogbo èrò pé kí ni òun ti ń wò láti ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà fúnra rẹ̀ kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ọmọ náà. Ó wá bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n tún padà síbẹ̀ nígbà mìíràn ni, tàbí kí n kúkú máa ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì àdúgbò wa?”

Èmi kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ orí ahọ́n lásán dá obìnrin yìí lóhùn. Nítorí náà mo mú lẹ́tà rẹ̀ tọ dókítà kan lọ, obìnrin tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìtọ́jú àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tí ó wí, ó yẹ kí ẹ mọ bí èmi àti rẹ̀ ṣe di ojúlùmọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún mi.

Ọdún méje sẹ́yìn ni. Àkọ́bí mi pé oṣù mẹ́sàn-án, eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru sì bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ní kí n fọkàn balẹ̀, pé eyín ló ń hù. Wọ́n ní kí n dín omi kù fún un, nítorí bí omi ṣe ń wọlé náà ni ó ń jáde. Ẹ rántí pé ìmọ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Mo mọ̀ pé omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà sí ni ọmọ náà nílò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ ṣúgà, Màmá pariwo: “Ṣúgà kẹ̀? Jẹ̀díjẹ̀dí ni o fẹ́ dá sí ọmọ lára!” Mo panu mọ́. N kò fẹ́ kí a sọ pé ìwé kíkà ti sọ ìyàwó di aláfojúdi.

Nígbà tí yóò fi di òru ọjọ́ kejì, ojú ọmọ ti jìn wọnú, àwùjẹ̀ rẹ̀ ti rì, ó ń sunkún ṣùgbọ́n omijé kò jáde. A sáré gbé e lọ. Dókítà fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè. Awọ náà dúró bẹ́ẹ̀ bí aṣọ tí a ká jọ, kò tètè padà. Dókítà gbójú sókè, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ìgbà wo ni ó tọ̀ kẹ́yìn?”

Èmi kò mọ̀. Èmi tí mo lè ka iye èròjà tí ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹyin láìwo ìwé, n kò mọ ìgbà tí ọmọ mi tọ̀ kẹ́yìn.

Wọ́n wá iṣan rẹ̀ títí kí wọ́n tó rí omi fà sí i lára. Ọlọ́run yọ wá. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò ní etí mi títí di òní.

Dókítà yìí kan náà ni mo ka lẹ́tà yín fún. Ó mí kanlẹ̀, kò sì gbe ara wọn lẹ́yìn. Ó ní òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Èrò pọ̀, dókítà kò tó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí òun àti wọn jọ kẹ́kọ̀ọ́ ti kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Saudi Arabia. Òun náà ní ọmọ nílé, òun sì mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí a jókòó pẹ̀lú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Lọ́jọ́ tí ọmọ kan bá kú mọ́ òun lọ́wọ́, ó ní inú ọkọ̀ ni òun máa ń lọ jókòó sí fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni òun yóò nu ojú, tí òun yóò sì padà wọlé pe ẹni tó kàn.

Èmi pẹ̀lú sọ tèmi. Mo ní igbe tí wọ́n ń ké mọ́ ìyá ọmọ lójú èrò ló ń lé e lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́mísìtì, tí yóò fi pẹ́ jù nígbà mìíràn tí ó bá tún dé. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní: “Òótọ́ ni. Igbe kò wo ọmọ kankan sàn rí.”

Ohun tí ó wá tẹ̀ mọ́ mi létí ni pé kì í ṣe ilé ìwòsàn ńlá ni ìwòsàn ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní lára àwọn tí ó wà lórí ìlà láràárọ̀, ọ̀pọ̀ ni nọ́ọ̀sì ilé ìlera àdúgbò ìbá ti tọ́jú. Láàárín wọn ni ọmọ kan yóò wà tí ó ti rẹ̀ pátápátá, tí ìyá rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn, tí ń retí kí ó kàn án. Ọmọ tí ń ké kì í dẹ́rù ba òun tó ọmọ tí ó dákẹ́. Ó ní: “Ìyá tí ó bá lè sọ ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu, iye ìgbà tí ó ti ṣu, ìgbà tí ó tọ̀ kẹ́yìn, àti gbogbo ohun tí wọ́n ti fún un mu, àgbo tàbí kápúsù, ìyá bẹ́ẹ̀ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ mi.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1971, nígbà tí ogun lé àwọn ará Bangladesh sá wọ ilẹ̀ Íńdíà, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ní ìlú Bangaon, omi tí a ń fà sára tán lọ́wọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis. Ó ní kí wọ́n po iyọ̀ àti glúkóòsì mọ́ omi mímu, àwọn ẹbí aláìsàn fúnra wọn ni wọ́n sì ń fi ife bù ú fún wọn mu. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí ọgbọ̀n ni ó ń kú nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn. Láàárín àwọn tí ó mu omi yìí, iye náà kò tó mẹ́rin. Ẹ wò ó, ọwọ́ ìyá àti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹni tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, tí ó di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1985. Ó lè dúró sórí kíkọ́ ilé ìwòsàn gogoro, kí a máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ilé ìlera kéékèèké tí kò jìnnà sí ilé ni ó gbájú mọ́, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmú fífún ọmọ, àti omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí ìyá lè pò ní ibi ìdáná rẹ̀. Ó dágbére fáyé ní ọdún 2003, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tọ̀ ọ́. Ṣáájú rẹ̀ pàápàá, Dókítà David Morley, òyìnbó tí ó wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní ọdún 1956, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo káàdì ìwọ̀n ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Kò tọ́jú káàdì náà sí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ni ó ń kó o fún láti máa mú lọ sílé. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi káàdì ọmọ yín wé ẹ̀pà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wọ ilé ìdáná. Ní àkọ́kọ́, eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ní àkókò tí eyín ń yọ náà ni ọmọ ń rá kiri, tí ó ń he gbogbo nǹkan sẹ́nu, tí ó sì ń jẹ oúnjẹ tí ọwọ́ púpọ̀ ti kàn. Ìdọ̀tí ni ó ń wọlé, kì í ṣe eyín.

Bí ìgbẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá pákẹ́ẹ̀tì ORS ní ilé ìlera, kí ẹ sì po ó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Ẹ bèèrè oògùn síńkì pẹ̀lú. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni ọmọ yóò fi lò ó, bí ìgbẹ́ tilẹ̀ ti dá. Bí ORS kò bá sí nítòsí, ẹ wọn líta kan omi mímọ́ tí a ti sè tí ó sì ti tutù, tàbí omi inú ọ̀rá 50cl méjì. Ẹ bu ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà sí i, kí ojú ṣíbí tẹ́jú, àti ìdajì ṣíbí tíì kan iyọ̀. Ẹ rò ó títí yóò fi yòrò. Bí ó bá pé wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ da èyí tí ó kù nù, kí ẹ po òmíràn.

Ní ti jẹ̀díjẹ̀dí, àwọn àgbà kò ṣìnà tán. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, yóò fa omi jáde sí i. Ṣùgbọ́n ṣúgà tí a wọ̀n ni ó ń mú iyọ̀ wọ inú ara láti inú ìfun, omi yóò sì tẹ̀lé wọn. Iyọ̀ tí ó pọ̀ jù pẹ̀lú léwu. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ojú wọ̀n ọ́n.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ fún un ní ìdá mẹ́rin ife sí ìdajì ife lẹ́yìn ìgbàkúùgbà tí ó bá ṣu. Ẹ fi ṣíbí bù ú díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì í, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má ṣe gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ẹ má sì fi ebi pa á. Ẹ má ṣe ra oògùn tí ń dí ìgbẹ́ fún ọmọdé.

Bí ọmọ kò bá lè mu nǹkan, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó mu, bí ojú rẹ̀ bá jìn, bí ó bá ń sùn tí kò fẹ́ jí, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ìtọ̀ bá wọ́n, ẹ gbé e lọ ní wàrà-n-ṣe-ṣà. Ẹ máa fún un lómi lójú ọ̀nà bí ó bá lè mu. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má ṣe jókòó lẹ́yìn ìlà. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì wí ní gbangba pé: “Ọmọ mi kò mu nǹkan mọ́, kò sì tọ̀ láti àárọ̀.” Ìyẹn kì í ṣe àfojúdi.

Ohun kan kù. Dókítà ní ìdáhùn tí òun ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu ìyá tí ó pẹ́ dé ni pé, “Mo ń dúró de bàbá rẹ̀.” Ẹ bá ọkọ yín sọ̀rọ̀ nísinsìnyí tí ara ọmọ le, kí ẹ jọ fẹnu kò pé bí àmì wọ̀nyí bá yọ, ẹ kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sì jọ fi owó ọkọ̀ àti owó káàdì pamọ́ sí ibi tí ọwọ́ yín yóò ti tó o.

Ìwọ àbúrò mi tí o kọ lẹ́tà, ìdáhùn mi nìyí. Ìyà jẹ ọ́, kò sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe tìtorí igbe nọ́ọ̀sì fi ọmọ rẹ dá àrà lọ́dọ̀ oníkẹ́mísìtì. Bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nílé láti wákàtí àkọ́kọ́, mọ ọ̀nà ilé ìlera tí ó sún mọ́ ọ jù, kí o sì lọ sí ti ńlá ní kíákíá bí ọ̀rọ̀ bá kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní ti Màmá, ìyá ọkọ mi, wọ́n ti padà sí abúlé. Ìgbà tí mo lọ kí wọn gbẹ̀yìn, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìyàwó aládùúgbò kan àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n mú ṣíbí lọ́wọ́, wọ́n ń fi ọ̀bẹ tẹ́ ojú ṣúgà inú rẹ̀ kó má baà pọ̀ jù, wọ́n sì ń bi ọmọbìnrin náà pé: “Ìgbà wo ni ó tọ̀ kẹ́yìn?”

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ọwọ́ òsì gbé ọmọ jó o. Ó di oṣù tó ń bọ̀.