Orúkọ Ni Wọ́n Kà Kí Wọ́n Tó Fa Ààlà Peckham

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Peckham, ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàárín wa. Wọ́n ní ìjọba ló mọ̀ọ́mọ̀ gé Camberwell kúrò lára Peckham kí agbára àwa aláwọ̀ dúdú lè túká. Wọ́n tún ní kò sí ohun tá a lè ṣe sí i, torí ẹni tí kò bá tíì gba páálí pupa, ìyẹn pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ìbò kankan nílẹ̀ yìí. Irọ́ ni méjèèjì, èkejì ló sì ń pa wá lára jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ààlà ná. Láti ọdún 1997 ni Camberwell àti Peckham ti jọ jẹ́ ẹkùn ìdìbò kan, Harriet Harman ló sì ń ṣojú fún un títí di ọdún 2024. Nígbà tí ìdìbò ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún náà dé, Peckham ti dá dúró, Miatta Fahnbulleh ló wọlé níbẹ̀, wọ́n sì ti pa Camberwell Green pọ̀ mọ́ Vauxhall. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló fa ààlà yìí, kì í sì í ṣe káńsù. Boundary Commission ni, ìgbìmọ̀ tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan. Lóòótọ́, àwọn aṣòfin dá irú iṣẹ́ yìí dúró ní 2013. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2020 ti gba agbára láti kọ ààlà tí ìgbìmọ̀ náà bá fà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń gbé Camberwell Green ṣì ń san owó káńsù fún Southwark, Southwark náà ló ṣì ń kó pàǹtírí rẹ̀. Aṣòfin nìkan ló yí padà.

Kí wá ni ìgbìmọ̀ náà wò? Orúkọ ni. Wọ́n mú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò bó ṣe wà ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2020. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní England, àyàfi méjì tó wà ní erékùṣù, kò gbọdọ̀ ní orúkọ tó dín ní 69,724, kò sì gbọdọ̀ ju 77,062 lọ. Wọn kò ka orí èèyàn. Ìyá tó ń ra èlùbọ́ àti panla ní Rye Lane lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ kò sí níwèé, kò sí nínú ìṣirò wọn. Ilé tí àgbàlagbà mẹ́fà ń gbé, tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló forúkọ sílẹ̀, ẹnì kan ni wọ́n kà níbẹ̀. Ibi tí orúkọ bá ti kéré, ṣe ni wọ́n á máa na ààlà síwájú títí iye á fi pé, èrò tó pọ̀ gan-an á sì wà lọ́rùn aṣòfin kan ṣoṣo. Èmi ò fara mọ́ ìṣirò yìí, nítorí èèyàn ló yẹ kí aṣòfin máa ṣojú fún, kì í ṣe ìwé. Ṣùgbọ́n òun ni òfin, àwa tá à ń fi orúkọ wa pamọ́ ló sì ń jìyà rẹ̀ jù.

Kí ló dé tá à ń fi í pamọ́? Mo mọ àwọn tó ti ń san owó káńsù láti ogún ọdún, tí wọ́n ṣì ń sọ pé àlejò làwọn. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ti pé ọdún méjìdínlógún, tó ń gbé níbí, tó sì ní àṣẹ láti máa gbé níbí, lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan aṣòfin. Físà akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ àṣẹ. Físà àwọn tó ń tọ́jú arúgbó jẹ́ àṣẹ. Ti ìyàwó tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá ńkọ́? Àṣẹ lòun náà. (Ọmọ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tó jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù Benin nìkan ló ní ni ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, torí Benin kò sí nínú Commonwealth.) Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n á béèrè ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà aláwọ̀ ewé wà lára èyí tí wọ́n ń gbà, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, bí fọ́tò inú rẹ̀ bá ṣáà ti jọ yín.

Wọ́n máa tún ààlà yìí yẹ̀ wò, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ parí kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2031. Ìwé orúkọ ni wọ́n tún máa ṣí, ọjọ́ tí wọ́n máa fi kà á sì máa ṣáájú ìgbà yẹn dáadáa. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, tàbí kẹ́ ẹ pe ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní káńsù yín. Kò gba kọ́bọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà, ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí.