Epo rọ̀bì ni àbí condensate? Ìdí tí àyẹ̀wò inú láàbù fi kan àpò ìjọba Nàìjíríà

Nínú ètò ìsúná ọdún 2025, ìjọba Nàìjíríà fojú sun àgbá epo mílíọ̀nù 2.06 lójoojúmọ́. Àmọ́, ìwọ̀n tí àjọ OPEC fún orílẹ̀èdè náà lọ́dún yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 1.5 péré.

Lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó dà bíi pé ìjọba fẹ́ kọjá ààlà tí OPEC pa. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó wà láàárín ìṣirò méjèèjì ni condensate, ìyẹn epo fífúyẹ́ tó ń bá gáàsì jáde láti abẹ́ ilẹ̀. OPEC kì í kà á mọ́ epo rọ̀bì, àmọ́ ìjọba Nàìjíríà ń kà á mọ́ èyí tó fẹ́ fi pawó.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè tó dà bíi ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan fi di ọ̀rọ̀ owó ìlú: kí ló wà nínú ohun tí wọ́n ń fà jáde?

Kí ni condensate gan-an?

Epo rọ̀bì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àdàlù ọ̀pọ̀ èròjà ni, bẹ̀rẹ̀ láti orí methane tó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ títí dé orí àwọn tó ki bí ọ̀dà. Nínú àpáta abẹ́ ilẹ̀, ooru pọ̀, agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ náà sì pọ̀. Bí èròjà kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó ló ń sọ bóyá àdàlù náà wà bí omi tàbí bí gáàsì níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ omi, epo rọ̀bì ni. Bí wọ́n bá fà á sókè, gáàsì á yọ kúrò lára rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Tó bá jẹ́ gáàsì, nígbà tó bá dókè tó sì tutù, epo fífúyẹ́ á yọ lára rẹ̀, bí ooru ọbẹ̀ ṣe ń di omi lára ìdérí ìkòkò. Epo yẹn ni condensate.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Àwọn ẹnjiníà máa ń bu díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga, wọ́n á sì dé e pa kí gáàsì má baà jò. Ní láàbù, wọ́n á dá a padà sí irú ooru àti agbára tó wà lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á wá máa dín agbára náà kù díẹ̀díẹ̀ títí omi àti gáàsì yóò fi yapa.

Wọ́n tún máa ń wọn èròjà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kó gbogbo èyí tó wúwo láti orí heptane lọ sókè pọ̀. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ń tẹ̀lé ni pé bí ìwọ̀nyí bá ju nǹkan bí ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, epo ni. Bí wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, gáàsì ni.

Kí ló dé tí Akpo fi yàtọ̀ sí Agbami?

Ibùdó epo méjì tó wà nínú òkun jíjìn Nàìjíríà fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó hàn. Agbami, tí Chevron ń bójú tó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2008. Akpo, tó wà lọ́wọ́ TotalEnergies, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009.

Lórí òṣùwọ̀n API, níbi tí nọ́mbà ńlá ti túmọ̀ sí epo fífúyẹ́, Agbami wà ní nǹkan bí 47, Akpo sì wà ní nǹkan bí 45. Síbẹ̀, condensate ni wọ́n ń pe Akpo, epo rọ̀bì ni wọ́n ń pe Agbami.

Lọ́dún 2020, nígbà tí OPEC dín epo kù nítorí àrùn Kòrónà, Nàìjíríà fẹ́ kí wọ́n ka Agbami náà sí condensate. Àmọ́ ìfúyẹ́ nìkan kò tó láti fi jàre. Saharan Blend ti Algeria náà wà ní nǹkan bí 45, epo rọ̀bì ni wọ́n sì ń kà á sí. Bí OPEC bá gbà fún ẹnìkan, àwọn tó kù náà lè béèrè.

Owó orí àti epo tó lè há

Orúkọ yìí kan owó orí pẹ̀lú. Òfin epo PIA ti ọdún 2021 yọ condensate tó bá jáde láti ibi tí gáàsì nìkan wà kúrò nínú owó orí tuntun tó gbé kalẹ̀ fún epo rọ̀bì. Nítorí náà, àṣìṣe nínú àyẹ̀wò lè gba owó lọ́wọ́ ìjọba, ó sì lè dá iléeṣẹ́ tí kò jẹbi lẹ́bi.

Ewu mìíràn tún wà. Bí wọ́n bá fa irú gáàsì bẹ́ẹ̀ láìkíyèsára, agbára inú àpáta á wálẹ̀, epo á yọ sínú àwọn ihò tíntìntín inú rẹ̀, púpọ̀ á sì há síbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn iléeṣẹ́ kan fi ń fẹ́ gáàsì padà sínú kànga.

Ṣé condensate lè dí àlàfo náà?

Ní Oṣù Kínní ọdún 2025, àjọ NUPRC ní epo rọ̀bì tí Nàìjíríà ń mú jáde lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bí àgbá mílíọ̀nù 1.54. Pẹ̀lú condensate, ó jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 1.74. Ìyẹn ni pé condensate kò ju nǹkan bí 200,000 àgbá lọ, nígbà tí àlàfo láàárín ètò ìsúná àti ìwọ̀n OPEC jẹ́ 560,000.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ yí orúkọ Agbami padà, àyè lọ́dọ̀ OPEC nìkan ni yóò fi kún un, kò ní fi àgbá kan kún ohun tó ń jáde láti inú kànga. Kí iye tó wà nínú ètò ìsúná tó lè wọlé, àfi kí wọ́n gbẹ́ kànga sí i, kí olè epo sì dínkù.